Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Orá

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, wọn kò sì mọ ìdánwò àfẹnuṣe tí àwọn ọmọ ń pè ní ‘orá’. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bá mi jókòó lọ́jọ́ kan péré sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n ti ń dúró de orá, wọn ì bá ní torí ohun tí àwọn rí níbẹ̀ gan-an làwọn ṣe pòwe náà.

Ìyànà Ọ̀fà ni mo fìdí kalẹ̀ sí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti Ìwó Road wá, tó gba Mọ́nátàn àti Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, tó dorí kọ Lálúpọn, yóò kọjá lọ́dọ̀ wa. Àwa la ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí òórùn pákí má gba afẹ́fẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé mi, wọ́n ń yan gàrí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ aládùúgbò mi tó wà ní ọdún àṣekágbá nílé-ìwé nọ́ọ̀sì wá bá mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọ ìdánwò Council. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ.” Ló bá na ìwé kan sí mi. Fọ́tókọ́pì ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì, ìbéèrè wà lápá òsì, ìdáhùn wà lápá ọ̀tún. Ó ní ẹni tó ṣe ìdánwò léṣìí ló kó o jọ, gbogbo kíláàsì wọn ló sì ra tiwọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ti òsì, kí òun máa ka ti ọ̀tún láìwòwé.

Mo ka ti òsì. Kí ni edema? Ọmọ náà dà á sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ: omi tó pọ̀ jù tó jókòó sáàárín àwọn ẹran ara, oríṣiríṣi rẹ̀, ohun tó ń fà á, láti orí ọkàn dé orí kíndìnrín, dé orí ẹ̀dọ̀, dé orí oyún. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Bí mo ti gbójú sókè báyìí, mo rí ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, tó na ẹsẹ̀ síwájú lórí àpótí, ẹsẹ̀ náà sì wú débi pé okùn sálúbàtà ti wọnú ẹran. Mo ní, “Lọ wo ẹsẹ̀ màmá yẹn, kí o wá sọ fún mi bóyá ohun tí o ń kà yìí ló ń ṣe é.”

Ọmọ lọ. Ó dúró lórí ìyá náà, ó ń wo ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. Ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó tètè fà á padà. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ, kó dì í mú kó ka ení títí dé àrún, kó tó gbọ́wọ́ kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò kan jókòó síbẹ̀ bí ibi tí èèyàn ti ìka bọ inú èbà, ó sì pẹ́ kó tó kún. Ó ń wo ihò náà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè bóyá ìyá náà ń tọ̀ dáadáa ni, tàbí bóyá ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Ló bá yíjú sí mi, ó ní:

“Màmá, ṣé wọ́n máa bi wá ní èyí?”

Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó ti bírò.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ta ni kò mọ̀ pé orá ń bọ̀? Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ́kọ́ wọ aṣọ ilé-ìwé ló ti mọ̀ pé bí òun bá kọ ìwé tán, tí òun ṣe ti àfọwọ́ṣe tán, àwọn kan yóò pe òun jókòó, wọn yóò sì ní kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà, Council tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, tí òfin ọdún 1979 so pọ̀ di ọ̀kan, kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò sì jọ awo: èèyàn méjì jókòó, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kò rí ọ rí, tíréè kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọn yóò ṣí aṣọ, wọn yóò ní kí o mú nǹkan kan, kí lorúkọ rẹ̀, kí la fi ń ṣe? Wọn yóò ní aláìsàn kan báyìí báyìí wọlé, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Kò tó àkókò tí àwa fi ń jẹ iyán tán.

Nígbà tiwa, orá kò jẹ́ àjèjì. Ọdún 1952 ni ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn UCH bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó tó di pé wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ní 1957. Ìyáàfin Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tó kọ́ṣẹ́ ní St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ̀n níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965. Àwọn tí ọwọ́ wọn kọ́ ló kọ́ àwa náà. N kò mọ ilé-ìwé kankan nígbà náà tó ń dá kíláàsì orá sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ la ń ṣe orá. Láàárọ̀, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá fẹ́ fa wọ́ọ̀dù lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, gbogbo wa yóò dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn síbẹ̀ ni yóò sọ ọ́: orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ kelòó rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó láago mẹ́fà, ṣé ó tọ̀, ṣé ó sùn, kí ló kù tí ẹ̀yin máa ṣe fún un. Sísítà tó ń darí wọ́ọ̀dù yóò kàn ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí o bá sọ pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn jẹ́ 80, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, yóò wo aago àyà rẹ̀. O ò ní fi àgbàsọ ṣe iṣẹ́ lójú sísítà yẹn.

Ohun tí orá jẹ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká fa aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àlejò ló ń gba aláìsàn náà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ ìdánwò, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fà á fún ọdún mẹ́ta, kí ló máa bà á lẹ́rù? Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Kí n má sì ṣe bí ẹni pé kò kan èmi náà rí. Lọ́jọ́ orá tèmi, wọ́n mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, mo to oúnjẹ tó yẹ kó jẹ, mo sọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí egbò má bàa mú un. Mo ń dùn mọ́ ara mi. Olùdánniwò, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, ní, “Ó dáa. Kí lorúkọ màmá?” Orúkọ! Mo wo ojú ìyá náà, ìyá náà wo ojú mi, ó ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bíi kó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo fi sanwó orúkọ yẹn, n kò sì tíì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà láìbéèrè orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní kọ́rídọ̀, àwọn tó ṣẹ́kù jókòó síbẹ̀, aṣọ funfun ń dán lára wọn, fọ́tókọ́pì wà lórí itan. Ìlẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan jáde, òógùn bò ó. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n ti rọ̀gbà yí i ká bí adìyẹ tó rí àgbàdo. “Kí ni wọ́n bi ẹ́? Kí lo sọ? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Ta ló le jù nínú wọn?” Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun yege á wá di tíṣà lójijì. Ẹni tó gbọ́ díẹ̀ á sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn, onítọ̀hún á fi tirẹ̀ kún un, nígbà tó bá máa fi dé ìparí bẹ́ǹṣì, ó ti di nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń ka ìwé jẹ́ẹ́jẹ́ nígun á wá rò pé òun nìkan lòun gọ̀, á pa ìwé dé, á dìde lọ gbọ́ tirẹ̀. Mo rí ọmọ kan tó mọ iṣẹ́ dáadáa nínú wọ́ọ̀dù, ọmọ tí mo lè fa ìyá mi lé lọ́wọ́, tí ohun tó gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rú kó tó wọlé.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí wọ́n pè mí láti wá dán àwọn ọmọ wò ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Baba kan tó ní àṣà kan ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, baba yóò máa mi orí. Bí o sọ òótọ́, yóò mi orí; bí o ń wí ìsọkúsọ, yóò mi orí; bí o dákẹ́ pàápàá, orí baba kò ní dákẹ́. Ìbéèrè àárọ̀ ọjọ́ náà dá lórí aboyún tí gìrì mú, tí a ń fún ní magnesium sulphate. Oògùn yìí ń gba ẹ̀mí là, ó sì lè gba ẹ̀mí. Gíráàmù 4 la ó rọra fún un sínú iṣan, a ó gún 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì. Kí a tó tún gún 5 mìíràn lẹ́yìn wákàtí 4, a ó ka èémí rẹ̀ kó má dín ní 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, a ó lu orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta, a ó wo ìtọ̀ rẹ̀ kó má dín ní mìlílítà 30 ní wákàtí kan. Bí èémí bá wá ń relẹ̀, calcium gluconate lẹ̀rọ̀ rẹ̀, gíráàmù 1, ká rọra fún un sínú iṣan. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ ọ́, ọ̀kan dáa, méjì ń wọ́lẹ̀. Ẹnì kẹrin dé orí ẹ̀rọ̀, ó ní potassium chloride. Baba mi orí. Ọmọ dúpẹ́, ó jáde. Ẹnì karùn-ún wọlé: potassium chloride. Ẹnì kẹfà: potassium chloride. Ìgbà tó di ẹnì kọkànlá, mo ti ń wo ojú baba, baba ń mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín: potassium chloride tí a kò bomi là, tí a sáré gún sínú iṣan, ọkàn ló ń dá dúró. Ọmọ mẹ́jọ ló tò tẹ̀lé ara wọn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn fẹnu kan pa obìnrin kan ṣoṣo.

Mo ní kò burú. Nígbà tí ẹnì kejìlá wọlé, mo yí ìbéèrè padà. Mo ní, “Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáyé, kò ké, kò mí. Kí lo máa ṣe láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́?” Ọmọbìnrin náà fa èémí, ó gbọ́rùn sókè, ó ní, “Potassium chloride, mà.”

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ foríjì mí. Baba mi orí. Ìgbà tí mo jáde láti lọ nasẹ̀ ni mo tó gbọ́ ibi tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹrin ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gba àwọn tó kù níyànjú: “Ẹ má bẹ̀rù jàre, potassium ni mo sọ, baba yẹn sì mi orí fún mi!”

Àwọn kan yóò ní àkọ́sórí ni mò ń bá jà. Rárá o. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń há ẹsẹ Ifá sórí, kò sì sẹ́ni tó ní ó ṣi ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹnu olúwo ló ti ń gbà á, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ń já sílẹ̀ ló ti ń gbà á, ojú ẹni tó wá dífá ló ti ń rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Kò gbà á lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sáré jáde lọ́dọ̀ awo. Ọmọ nọ́ọ̀sì tó bá há ìwọ̀n oògùn sórí ti ṣe dáadáa. A kì í méfò ìwọ̀n oògùn. Ibi tí ó ti rí ohun tó há ló jẹ mí lógún.

Ta ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Bí àwọn ọmọ bá ń wá ohun tí wọ́n máa bi wọ́n dípò ohun tí wọ́n máa ṣe, ṣé àwa kọ́ la kọ́kọ́ ń bi wọ́n pé ‘Ipò kelòó lo ṣe?’ tí a kò bi wọ́n rí pé ‘Kí lo mọ̀?’ Ayé ti di ayé ìwé ẹ̀rí. Mo mọ òbí tó gbé bírò ọmọ rẹ̀ lọ fún àdúrà kí ó tó ra ìwé fún un. Ọ̀pọ̀ wọn, kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti mọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù jẹ́. Nígbà tí Council kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún 2, ariwo sọ, wọ́n wọ́de. N kò ní dá ẹni tó ń wá oúnjẹ lọ lẹ́bi. Owó oṣù wa kò jẹ́ kí n lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tó ń sá fún orá nílé, orá ló ń sá lọ bá. Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní tiwọn, OSCE lorúkọ rẹ̀, Ronald Harden ló gbé irú rẹ̀ jáde ní Dundee ní Sìkọ́tílándì ní 1975. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ gba ibùdó mẹ́wàá kọjá. Wọ́n á fi èèyàn tàbí ère ṣe aláìsàn, wọ́n á máa wò ọ́: ṣé o fọ ọwọ́? Ṣé o sọ orúkọ rẹ? Ṣé o béèrè tirẹ̀? Ẹ ti rí i pé orúkọ náà la tún padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n fa ara mi padà sí Ìyànà Ọ̀fà kí gàrí ìyá má bàa jóná.

N kò jó fọ́tókọ́pì ọmọ náà. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo ní kó wá gbà á lọ́jọ́ tó bá ṣe ìdánwò tán. Ó sunkún díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni a bẹ̀rẹ̀. Mo kó fọ́sẹ́ẹ̀pù àtijọ́ mi, kídìnì díìṣì, àti ìwo onígi tí àwa agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú oyún sínú tíréè, mo fi aṣọ ìnura bò ó, mo ní kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ láìwò, kí ìka rẹ̀ sọ orúkọ wọn fún un. Ohun kejì ni Yorùbá. Mo ní gbogbo ohun tó bá kà, kó wá sọ ọ́ fún ìyá onígàrí ní èdè tí ìyá máa gbọ́, láìsí gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀. Ìyẹn ló le jù fún un. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ sọ ohun tí kíndìnrín ń ṣe, ó ní ó ń ‘filter’. Ìyá ní kí ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ dúró, ó ronú, ó wo ajọ̀ tí ìyá fi ń jọ gàrí, ló bá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn, kò tún ṣi kíndìnrín sọ fún mi mọ́, ì báà jẹ́ lédè wo.

Mo sì kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú fọ́tókọ́pì èyíkéyìí: bí a ṣe ń sọ pé a kò mọ̀. “Mi ò mọ èyí mà, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù mi, màá dúró ti aláìsàn, màá sì ránṣẹ́ pe àgbà.” Olùdánniwò tó mọ iṣẹ́ kò ní fi ìyẹn lé ọmọ jáde. Ẹni tó purọ́ fún un ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹsẹ̀ ìyá náà ńkọ́? Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò gba ohun tó rí gbọ́: 176 lórí 104. Òun ló bá a gun ọ̀kadà lọ sí ẹ̀ka ìlera, ìyá ń bú u lọ lójú ọ̀nà pé ó fẹ́ ba ọjà òun jẹ́.

Ní alẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ orá, ó wá sí fàrándà mi lọ́wọ́ òfo. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi ti sísítà ìgbà náà. Ó dúró tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aláìsàn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́: obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, òní ó jẹ́ 148 lórí 90, wíwú ẹsẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ihò rẹ̀ kò jìn mọ́, ó ń tọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ nígbà tí a kò bá sí níbẹ̀.

Mo ní, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Kí ọmọ tó la ẹnu, ìyá ti dáhùn láti ìdí agbada: “Ó mọ̀ ọ́n o. Ó tiẹ̀ mọ oríkì mi.”